Ọjọ́ keje rèé tí oòrùn ò yọ: kí la máa ṣe sí láfún, kòkó àti àgbàdo tó wà nílẹ̀?

Ìyá Oníláfún, Ìkọlé

Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o, gbogbo ilé. Ọjọ́ keje rèé tí mo ti ń gbójú sókè tí mi ò rí oòrùn. Kì í kúkú ṣe pé òjò ń rọ̀. Ká ní òjò ni, màá mọ̀ pé òjò ni mò ń bá jà. Ojú ọjọ́ kàn dì báyìí ni, ó rí bí eérú. Òjò winniwinni á sẹ̀ díẹ̀ láàárọ̀, á dá, atẹ́gùn tútù á máa fẹ́, ká tó ṣẹ́jú, ilẹ̀ ti ṣú.

Mo rẹ ẹ̀gẹ́ agbọ̀n mẹ́rin. Mo gbé e jáde lọ́jọ́ Jímọ̀, mo lọ sá a sórí àpáta ẹ̀yìn ìlú níbi tí gbogbo wa ti ń sá a. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ mẹ́ta péré, ó ti ń ró ṣákáṣáká. Ní báyìí ó ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ó ti ń yọ̀ lọ́wọ́, mo sì ti rí àmì dúdú àti àmì bí ewé tútù lára àwọn kan. Bàbá àwọn ọmọ náà fọ́ kòkó, ó pé ọjọ́ márùn-ún lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lónìí. Àgbàdo tí a ṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá wà nínú yàrá, òun náà ò gbẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ sọ pé Olúwa á ṣe é. Mo ti ṣe àmín ìyẹn nílé. Ohun tí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ṣe rí ni mo fẹ́ gbọ́.

Àgbẹ̀ Ìjerò

Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Kòkó ni mo mọ̀, òun ni màá sọ.

Ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n má kó o jáde torí pé ọjọ́ márùn-ún ti pé. Kòkó kì í ka ọjọ́, ooru ló ń kà. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù báyìí, inú òkìtì kì í tètè gbóná. Kí wọ́n ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀: bí kò bá jó wọn lọ́wọ́ díẹ̀, kò tíì jinná. Kí wọ́n la bíi mẹ́wàá sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá ṣì pọ́n bí àlùkò, ẹ da ewé bò ó padà, kí wọ́n yí i po, kí wọ́n sì tún fún un ní ọjọ́ méjì. Ọjọ́ méje kò pọ̀ jù. Àmọ́ bó bá ti ń rùn bí ìtọ̀, ó ti pẹ́ jù nìyẹn, kí wọ́n yára kó o jáde. Ẹ wò ó, a ti fi ọgbọ́n yá ọjọ́ méjì lọ́wọ́ ojú ọjọ́.

Tó bá wá jáde, ẹ má sá a sílẹ̀, ẹ má sì sá a sójú sìmẹ́ńtì. Ilẹ̀ tutù, sìmẹ́ńtì tutù, omi á máa gba ìsàlẹ̀ bọ̀. Ẹ fi igi kan pẹpẹ tó ga dé ìbàdí, ẹ tẹ́ ẹní sí i, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó má nípọn ju ìka méjì lọ. Ẹ máa rò ó káàkiri ní gbogbo ìdajì wákàtí. Bí òjò winniwinni bá dé, ẹ ta tapólì lé e, ṣùgbọ́n kó má kan kòkó. Gbàrà tó bá dá, ẹ ṣí i. Mo mọ ọ̀pọ̀ tí wọ́n máa ń bò ó láti àárọ̀ títí di alẹ́ nítorí ìbẹ̀rù òjò. Kòkó yẹn á làágùn nínú ọ̀rá, á sì bu ṣáká.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, irú ojú ọjọ́ yìí gan-an, ìkánjú mú mi, mo dáná igi sábẹ́ pẹpẹ. Lọ́jọ́ kejì ó gbẹ dáadáa, mo ń fò fáyọ̀. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ olùra, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbé e sí imú, ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹja lo yan ni àbí kòkó?" Owó tó fún mi lọ́jọ́ náà, mi ò lè sọ ọ́ níbí. Òórùn èéfín kì í kúrò lára kòkó láé. Ẹ má dán an wò.

Ìgbà wo lẹ máa mọ̀ pé ó gbẹ? Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́, ẹ fún un pọ̀. Bó bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, ó kù díẹ̀ kó pé. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò fẹ́ kí omi inú rẹ̀ má ju ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ó tún ku ọ̀kan. Kí Bàbá rìn yí oko ká lọ́sẹ̀ yìí. Àsìkò tí oòrùn ò sí tí gbogbo nǹkan tutù ni kòkó ń dúdú lórí igi. Èyí tó bá ti dúdú, kí wọ́n ká a kúrò, kí wọ́n má jù ú sábẹ́ igi, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Kí wọ́n sì gé àwọn ẹ̀ka tó dí ojú afẹ́fẹ́.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Ẹ̀yin ará Ìkọlé, ẹ káàbọ̀ sí ayé wa. Ní Ẹ̀fọ̀n níbí láàárín òkè, kùrukùru lè bo ilé òdìkejì kí o má rí aládùúgbò rẹ títí di aago mẹ́sàn-án, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n mọ ìgbà tí oòrùn tiwa máa ń jí.

Ti àgbàdo, ohun tí ìyá mi àgbà ń ṣe ni mò ń ṣe: àjà ìdáná. Wọ́n á ṣí èèpo rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n á so ó méjì-méjì, wọ́n á fi kọ́ sókè ibi tí iná wà. Ìdáná ojoojúmọ́ á máa gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, èéfín á sì lé kòkòrò. Nínú ti kòkó ni èéfín ti jẹ́ ọ̀tá, nínú ti àgbàdo ọ̀rẹ́ ni.

Ìyá Oníláfún, Ìkọlé

Àgbẹ̀ Ìjerò, ẹ ṣé púpọ̀. Bàbá ti ka tiyín, wọ́n ti da ewé bò ó padà. Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀fọ̀n, gáàsì ni mo fi ń dáná, àjà wo ni mo fẹ́ rí?

Láfún wá ńkọ́? Ṣé mo lè ha ibi tó bu kúrò, kí n wá sá ìyókù?

Olùkọ́ Oúnjẹ, Adó

Mà, ẹ má bínú sí mi o. Èyí tó bá ti bu, ẹ kó o dànù. Ohun tí ẹ ń rí lójú kì í ṣe gbogbo èbu náà, ó ti ta gbòǹgbò wọ inú. Irú èbu kan wà tó ń sọ májèlé sínú oúnjẹ, aflatoxin ni wọ́n ń pè é, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Sísè ò pa á, rírò lámàlà ò pa á. Ẹ má sì ní ẹ ó fún adìẹ tàbí ewúrẹ́ jẹ, torí àwọn náà ní ẹ̀dọ̀.

Àpáta yẹn gan-an ló dá wa láàmù. A fẹ́ràn àpáta nítorí pé nígbà tí oòrùn bá wà, ó ń gbóná bí agbada, á máa yan láfún láti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn ò sí, àpáta náà ni ohun tó tutù jù lọ nínú àyíká, omi á sì máa sẹ̀ lé e lórí ní òru. Orí omi lẹ sá a sí. Ẹ gbé ìyókù kúrò níbẹ̀ lónìí.

Èyí tí kò tíì bu, tí òórùn rẹ̀ ò sì yí padà, ẹ rún un wẹ́wẹ́, ẹ dì í sínú àpò, ẹ fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń ṣe gààrí. Ẹnu á yà yín sí omi tí yóò jáde. Omi tí jáàkì bá gbé lọ, oòrùn ò ní í gbé e mọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ.

Ẹlẹ́gààrí Ìṣẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ò gùn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí ẹ ń ṣe láfún nínú oṣù Kẹjọ? Èmi kì í ṣe é. Gbogbo ẹ̀gẹ́ tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́ lásìkò yìí, gààrí ni mo fi ń ṣe. Gààrí ò bẹ oòrùn. Iná ló ń yan án, o lè yan án lóru.

Ohun kan ṣoṣo ni ẹ ó yí padà: ẹ fi sínú àpò pẹ́ díẹ̀ kó tó kan. Bó bá jẹ́ ọjọ́ méjì lẹ máa ń fi í sílẹ̀, ẹ fi ṣe mẹ́ta tàbí mẹ́rin, torí òtútù kì í jẹ́ kó tètè kan.

Èyí tó bá ti wà nínú omi ńkọ́? Fùfú ni! Ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́jà ní tútù. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tuntun tètè rọ̀, ẹ bu lára omi tí ẹ fi rẹ ti tẹ́lẹ̀ sí i, bí ẹni fi ìwúkàrà sí burẹ́dì.

Olùkọ́ Jọ́gíráfì, Ìfàkì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìkùukùu yìí ti ń bọ̀, torí ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó gbà wá á mọ wákàtí tí yóò lọ.

Kì í ṣe ọyẹ́. Ọyẹ́ gbẹ, láti aṣálẹ̀ ló ti ń wá, ó ń la ètè. Èyí tutù ó sì ní omi, láti òkun ló ti ń wá. Láti nǹkan bí oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù láti ìsàlẹ̀ òkun máa ń ru sókè ní etíkun Ivory Coast, Ghana títí dé ọ̀dọ̀ Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Omi tó máa ń wà ní bíi 28°C lè wálẹ̀ kọjá 25. Afẹ́fẹ́ gúúsù-ìwọ̀-oòrùn tó gba orí omi náà kọjá ló ń fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbànú òjò pẹ̀lú ti gòkè lọ sí àríwá lásìkò yìí. Ẹ bi àwọn èèyàn yín ní Kánò, oṣù Kẹjọ ni òjò ń lù wọ́n jù. Ìdí nìyẹn tí tiwa fi ń dá, tí àwa fi ń pè é ní Ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì.

Ibi tó kàn yín rèé. Ìkùukùu yìí kì í ga púpọ̀, òru ló sì ń kóra jọ. Ó máa ń nípọn jù ní ìdájí, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà ya bí ọ̀sán bá ti ń pọ́n. Lóṣù Kẹfà àti oṣù Keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ wa níbí, ní Savè ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Kumasi ní Ghana, ìkùukùu yìí gan-an ni wọ́n ń wọ̀n. Nítorí náà, ẹ má fi àárọ̀ ṣòfò. Ẹni tó bá sá nǹkan síta ní aago méje, ìrì ló ń fún un mu. Aago méjìlá sí aago mẹ́rin ni kí ẹ fi gbogbo agbára lò.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Olùkọ́, òkun dà l'Ékìtì? Adó sí òkun ju kìlómítà 150 lọ.

Olùkọ́ Jọ́gíráfì, Ìfàkì

Afẹ́fẹ́ ò wọ mọ́tò, kò ka kìlómítà. Òkè tiyín yẹn náà ló tún ń gbé e sókè kó lè tutù sí i. Adó fi bíi mítà 450 ga ju òkun lọ. Ìwọ tó o wà ní Ẹ̀fọ̀n, inú ìkùukùu lo kúkú ń sùn.

Ọmọ Òmùò, San Diego

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka èyí. Mo kúrò ní Òmùò, mo rò pé mo ti bọ́. Níbí, ní etíkun Kalifóníà, ìgbà ìrúwé ni tiwọn máa ń dé, oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà. Odidi ọ̀sẹ̀ lè lọ kó rí bí eérú, kó tutù, kí aṣọ má gbẹ. Wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ: May Gray, tó bá di oṣù tó tẹ̀ lé e, June Gloom. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo dé, mo ra aṣọ pénpé fún etíkun. Súwẹ́tà ni mo fi jókòó létí omi.

Ohun tí Olùkọ́ sọ náà ló ń ṣẹlẹ̀. Omi òkun wọn tutù, bíi 17°C ló máa ń jẹ́ lóṣù Karùn-ún. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí omi náà á tutù, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó gbẹ á sì dé e mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, kò ní lè gòkè. Ìkùukùu á wà láàárín wọn. Oòrùn ọ̀sán ló ń jẹ ẹ́ kúrò, inú ìlú lókè lọ́hùn-ún ló kọ́kọ́ ń là, etíkun ló ń gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n á ní kí n wa mọ́tò fún ìdajì wákàtí sẹ́yìn òkun, oòrùn á sì ti ràn síbẹ̀ gan-gan.

Ìyàtọ̀ kan wà o, ẹ má fojú fò ó. Níbí, lẹ́yìn ìkùukùu, ẹ̀ẹ̀rùn ló kàn, òjò ò ní rọ̀ fún oṣù mélòó kan. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án, òjò ńlá ń padà bọ̀. Ohun tí ẹ ò bá gbẹ ní Ọ́gọ́ọ̀sì, ẹ ò ní rí àyè rẹ̀ mọ́.

Àgbẹ̀ Ìjerò

Òótọ́ ọ̀rọ̀! Ẹni tó ń sùn kó jí.

Olùkọ́ Oúnjẹ, Adó

Mo gbàgbé ti àgbàdo. Ìyá tí kò ní àjà, ẹ kan abà tóóró síta: ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ni kí inú rẹ̀ fẹ̀, kó gùn bó ṣe wù yín, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ igi tí àlàfo wà láàárín wọn, kó kọ ojú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Abà tó bá fẹ̀ jù, àárín rẹ̀ ló ń bu.

Kí ẹ tó kó o sápò, ẹ fi iyọ̀ dán an wò. Ẹ wá ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí. Ẹ bu hóró àgbàdo sí i kó dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kí ẹ jẹ́ kó silẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo náà ṣì ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kò tíì tó í kó pa mọ́. Bí iyọ̀ bá já sílẹ̀ láìlẹ̀, ẹ kó o. Kí iyọ̀ náà gbẹ dáadáa o. Ẹ kọ́kọ́ yan án nínú agbada bó bá ti fa omi.

Aládìẹ Ìkéré

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òròmọdìẹ, ẹ gbọ́. Mo pàdánù ọmọ adìẹ mẹ́tàdínlógún lóru ọjọ́ kejì òtútù yìí, torí mo rò pé Ọ́gọ́ọ̀sì kì í ṣe ọyẹ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, 32 sí 35°C ni wọ́n ń fẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ máa dín in kù bíi 3 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ ò bá ní ohun tí ẹ fi ń wọn ooru, àwọn fúnra wọn á sọ fún yín: bí wọ́n bá gun ara wọn lórí sójú kan, òtútù ń mú wọn, bí wọ́n bá sá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí wọ́n ń lanu, ooru pọ̀ jù. Ẹ máa kó lẹ́búlẹ́bú igi tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ fún wọn kúrò bó bá ti tutù, torí ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ní Adó

Aládìẹ, ẹ pẹ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ èédú lẹ fi ń mú kí wọ́n gbóná, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ojú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn pẹ̀lú, ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ yàrá tí ẹ ti sùn tí ẹ ti fèrèsé. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ kì í rùn, ẹni tó ń sùn kì í mọ̀, wọn kì í sì í jí.

Ẹni tó bá ní ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde nílé, òtútù yìí lè gbé ìrora dìde sí i. Súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láti fi wẹ̀. Kí ó sì máa mu omi púpọ̀, òtútù máa ń jẹ́ kí ọmọ gbàgbé òùngbẹ. Ẹ má jẹ́ kó dúró sínú aṣọ tútù fún ìṣẹ́jú kan. Tí ìrora bá dé tí oògùn tí wọ́n kọ fún un ò dá a dúró, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe àgbo.

Oníínfátà, Ọ̀yẹ́

Èmi ò ní oko. Mo fẹ́ sọ pé páànẹ̀lì oòrùn mi ò gbé fíríìjì láti ọjọ́ Ajé. Ẹ máa lọ aṣọ lọ́sàn-án nìkan, kì í ṣe alẹ́.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Fíríìjì nínú òtútù yìí? Gbé ẹran rẹ wá sí Ẹ̀fọ̀n, a ó bá ọ gbé e sójú fèrèsé.

Ìyá Oníláfún, Ìkọlé

Mo ti padà dé, ẹ má bínú, iṣẹ́ ò jẹ́ kí n gbọ́rọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ti kọjá.

Mo da agbọ̀n kan àbọ̀ nù. Ó dùn mí o, mo dúró níbẹ̀ mo ń wò ó. Ìyókù, a fi jáàkì tẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ ò parọ́, omi kún bókẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ tí àwọn ọmọ fi igi ilé kíkọ́ kàn. Láàárọ̀, mo bò ó, mi ò bá a jà. Lánàá, oòrùn yọ ní aago kan kọjá, kò lò ju wákàtí méjì lọ, àmọ́ atẹ́gùn ràn án lọ́wọ́. Ó ti ń ró lónìí. Àwọ̀ rẹ̀ ò funfun bíi tẹ́lẹ̀, mo mọ̀ pé oníbàárà á sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gẹ́ tó ṣì wà nínú omi, mo fi ṣe fùfú. Kí aago mẹ́wàá tó lù, ó ti tán lọ́jà. Ẹlẹ́gààrí, mo gbà fún yín: láti ọdún tó ń bọ̀, mi ò ní ṣe láfún lóṣù Kẹjọ mọ́.

Àgbàdo, iyọ̀ lẹ̀ mọ́ ìgò lẹ́ẹ̀mejì. A ṣì ń dúró. Kòkó lo ọjọ́ méje, ó ti wà lórí pẹpẹ báyìí, inú rẹ̀ ti dúdú dáadáa nígbà tí a là á.

Àgbẹ̀ Ìjerò

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Bàbá ti rìn yí oko ká bí mo ṣe wí?

Ìyá Oníláfún, Ìkọlé

Wọ́n lọ lánàá. Apẹ̀rẹ̀ méjì ni wọ́n ká èyí tó ti dúdú kún, wọ́n sì wa kòtò fúnra wọn. Inú wọn ò dùn, ẹ má tíì pè wọ́n títí di ọ̀la.